Ta Ló Ń Ṣọ́ Kékeré?

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín o. Mo kí yín kú iṣẹ́ aṣọ rírán, mo kí yín kú ìtọ́jú Bàbá wa. Kékeré ọmọ yín ńkọ́? Èmi wà. Mi ò ṣàìsàn.

Ẹ ní kí n má pè mọ́, mi ò sì pè mọ́. Ẹ sọ fún mi pé tí Bàbá bá ti gbọ́ ohùn mi nínú fóònù, ńṣe ni wọ́n máa ń wá mi kiri gbogbo yàrá, tí wọn ò ní jẹun títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kọ tiyín sínú ìwé, kí Kékeré máa yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Tèmi náà á máa gba orí fóònù rẹ̀ wọlé.

Iṣẹ́ tí yunifásítì fún mi mọ́ ẹ̀kọ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ ìkọ́ni tí mo ń retí. Níbí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò mọ́. Yàrá wọn ni wọ́n ti ń ṣe é, níwájú kọ̀ǹpútà wọn, kámẹ́rà á sì máa wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ kan ló ń ṣọ́ wọn. Bí ojú wọn bá kúrò níbi tó yẹ kó wà, bí ètè wọn bá ń mì, bí ẹlòmíì bá kọjá lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ náà á fi àmì pupa síbẹ̀. Ibi àmì pupa yẹn ni wọ́n ń gé fún àwa. A óò wò ó, a óò tẹ ọ̀kan nínú bọ́tìnì méjì: Ó MỌ́, tàbí KÒ MỌ́. Mi ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nọ́ńbà ni wọ́n.

Yàrá tí a ti ń ṣe é wà nísàlẹ̀ ilé ìkàwé, kò ní fèrèsé. Wọ́n ń wo àwa náà. Tí ọwọ́ mi bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ á di yẹ́lò, ọ̀gá wa á sì rí i. Àwọn olùkọ́ pàápàá ò bọ́. Ẹ̀rọ ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní kíláàsì sílẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní báyìí, inú ìwé ló ti ń ka gbogbo ẹ̀, kì í gbójú sókè.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò tẹ́. Aṣọ tútù lórí àga. Ògiri tí òjò ti ya àwòrán sí. Ọmọbìnrin kan ń jẹ irun ara rẹ̀ bó ṣe ń ronú. Mo tẹ Ó MỌ́ fún ìyẹn. Tó bá pẹ́ díẹ̀, èèyàn kì í rí wọn mọ́. Ojú lásán ni.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ ò fèsì èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn.

Èmi àbúrò yín.


Ọjọ́ Ogún, Oṣù Kejì

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á tán, mo ní kí Kékeré bá mi wò ó bóyá apá kan wà tí kò wọlé. Ó ní gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ṣé bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn? "Èmi wà. Mi ò ṣàìsàn." Lẹ́tà gbẹ bí èèpo igi! Ìwọ tó jẹ́ pé tó o bá ti dé láti ilé ìwé, ńṣe la máa ń bẹ̀ ọ́ kó o panu dé ká lè gbọ́ redíò.

Iṣẹ́ rẹ wá ńkọ́? Mo ti sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé àbúrò mi ń kọ́ wọn ní yunifásítì lókè òkun. Nọ́ọ̀sì tó ń rán yunifọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ mi ní kí n máa bá òun kí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àṣé ọlọ́dẹ ni ọ́! Ọlọ́dẹ tí kò ní ọ̀pá, tí kò ní tọ́ọ̀ṣì, tó jókòó sínú àjà ilẹ̀, tó ń yọjú wo yàrá onílé. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tí mo mọ̀ máa ń kí èèyàn.

Bàbá ń jẹun, wọ́n ń sùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n mọ gbogbo wa, tí wọ́n á bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọjọ́ mìíràn, wọ́n á wọ kóòtù tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tísà, wọ́n á kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa rìn láàárín àwọn oníbàárà mi. "Ojú ìwé tìẹ ni kó o wò." Obìnrin tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ni wọ́n sọ ìyẹn fún! Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. A ti yọ gbogbo ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn nínú ilé yìí, torí wọ́n ti ara wọn mọ́ ilé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, káfíńtà ló bá wa gé ilẹ̀kùn kí wọ́n tó jáde.

Ìròyìn ayọ̀ wà. Kékeré ti wọ yunifásítì! Ìmọ̀ ìṣirò ló fẹ́ kọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe láti ilé ni, torí tó bá lọ gbé inú ọgbà wọn, ta ni á máa bá mi mójú tó Bàbá? Ọmọ náà ti ga ju èmi àtìwọ lọ, orúkọ ìnagijẹ yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù lára rẹ̀ tó kéré. Ìdánwò àkọ́kọ́ ń bọ̀ nígbà tí oṣù kẹta bá ń parí lọ, iwájú kámẹ́rà ni wọ́n á ti ṣe é. Ṣé irú tiyín náà ni? Kí ló yẹ kó ṣe, kí ni kò yẹ kó ṣe? Fèsì kíá. Kó o sì kọ ọ́ bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, aránṣọ ìyá aránṣọ.


Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹ bá mi kí Kékeré kú oríire. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn, mo sì kọ ọ́ síbí kí ẹ lè rí i.

Ẹ ní kí n kọ̀wé bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ lára. Mo jókòó, mo ń wá ohun tí mo lè sọ. Èyí nìkan ni mo rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣèdánwò. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá arúgbó kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wúkọ́. Ó ń wúkọ́ gan-an. Ọmọ náà ò yíjú. Mo rí i pé ó ń tiraka kó má yíjú, gbogbo ọrùn rẹ̀ le. Nígbà tó yá, ìyá náà dákẹ́. Ìgbà tó dákẹ́ yẹn ni ọmọ náà tó yíjú, ẹ̀rọ sì fi àmì pupa síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gé e dé. Òfin wa ni pé tí ẹni méjì bá wà nínú yàrá, tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ sì kúrò lórí iṣẹ́, KÒ MỌ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíì wọlé. Ní ọ̀sán, mo lọ jẹun. Oúnjẹ náà dùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, pé mo mọ̀ pé ó dùn.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó máa ń ra bisikíìtì wá fún wa, ní ọwọ́ mi yá ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ó ti gbé iṣẹ́ ẹlòmíì kún tèmi.

Ní ti Kékeré: kó gbé iná síwájú, kó má gbé e sẹ́yìn. Kó má gbójú sókè tó bá ń ronú. Kó má ka ìbéèrè sókè. Kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ẹ ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni.


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹrin

Àbúrò mi,

Mi ò kí ọ dáadáa, má bínú. Ìkánjú ni mo fi ń kọ èyí. Tí o ò bá rí ìwé yìí kà, ní kí Kékeré tún un yà.

O ní kí n ti ilẹ̀kùn. Èwo nínú ilẹ̀kùn ilé yìí ló ṣeé tì? Ṣebí mo ti sọ fún ọ pé a ti yọ gbogbo ẹ̀? Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kékeré síwájú ilẹ̀kùn yàrá Kékeré, mo jókòó tì í bí ajá. Bàbá ń sùn. Ọkàn mi balẹ̀. Ni nọ́ọ̀sì bá dé, ó ní yunifọ́ọ̀mù náà fún òun lábíyá, òun sì máa wọṣẹ́ lọ́sàn-án yẹn. Mo ní kí n kàn wò ó fún un. Mi ò tíì tú ojú rírán náà tán tí mo fi gbọ́ ohùn Bàbá nínú yàrá.

Wọ́n wọ kóòtù. Wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n dúró lẹ́yìn ọmọ náà, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà láti òkè èjìká rẹ̀. Wọ́n ní, "Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kejì kó o tó dáhùn." Kékeré ò yíjú. O ti sọ fún un pé kó má yíjú, kò yíjú. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń kọ ìdáhùn. Ó ń fi ẹnu tí kò là sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde." Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ibí yìí ni o ti ṣì í." Ojú kọ̀ǹpútà bá kú pátápátá.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá wà lọ́jà o.

Lánàá ni lẹ́tà yunifásítì dé. Wọ́n ti fagi lé ìdánwò náà. Wọ́n ní ẹnì kan wọlé wá ṣe ìrànlọ́wọ́ fún un. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò kankan mọ́ títí ọdún fi máa yí, á sì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ó ṣe màgòmágó. Kékeré! Ọmọ tó jẹ́ pé tí mo bá rán an níṣẹ́, ṣéńjì tó pọ̀ jù ló máa ń lọ dá padà!

Ìwọ lo mọ àwọn èèyàn yìí. Bá wa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ló ṣe é, àbí èèyàn ló jókòó tó ń wò wá? Tó bá jẹ́ èèyàn ni, ṣé òun ò ní bàbá ni?

Mo ń retí rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo ti pa á rẹ́, mo tún un kọ. Èyí ló kúrú jù nínú wọn.

Èèyàn ni. Kì í ṣe yunifásítì tiwa ló ni ìdánwò yẹn, n kò sì mọ ẹni tó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹnì kan bíi tèmi ni. Ó ṣeé ṣe kó ní bàbá. Ká ní èmi ni wọ́n gbé e fún, màá tẹ KÒ MỌ́. Mi ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bi mí ni mo ṣe sọ.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ kọ̀wé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Ẹ má fi falẹ̀. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ nínú ìwé náà. Ẹ má sọ pé ọmọ dáadáa ni. Ẹ má dárúkọ Ọlọ́run. Ẹkún ò ní àyè tí wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ohun tí wọ́n máa wò ni ìwé dókítà tó sọ pé ọpọlọ Bàbá ò pé mọ́, pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, pé wọn ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú ìdánwò. Láìsí ìyẹn, wọn ò ní ka ìyókù.

Mo ti kọ bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí. Ẹ fi orúkọ Bàbá síbi tí mo fi sílẹ̀.

Èmi ni.


Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Karùn-ún

Ìwọ,

Kí n wá gbé bàbá mi lọ síwájú dókítà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, pé orí wọn ti dàrú? Kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn tí mi ò mọ̀ rí? Èmi ọmọ wọn? Ta ló ń bẹ ní àdúgbò yìí tí wọn ò kọ́ ní ìwé? Mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ yẹn ṣì máa ń dìde tí wọ́n bá ń kọjá. Ara ló rẹ̀ wọ́n, àgbà ló dé sí wọn, ìgbàgbé ni. "Ọpọlọ ò pé mọ́." Ìwọ lo kọ ọ́. O kọ ọ́ bí ẹni ń kọ iye aṣọ.

O tún wá ní ìwọ náà á tẹ̀ ẹ́. Mo ka ibẹ̀, mo jókòó. Mo rò pé o máa sọ pé "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ láéláé," ká tiẹ̀ ní irọ́ ni. Irọ́ yẹn, ǹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ ò sunkún, o ò sì ríran.

Ọmọ mi á lo ọdún kan nílé. Ó lè bá mi di ẹ̀rọ mú. Mi ò ní gba ìwé kankan. Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí n ó fi kọ sí ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ni mí.


Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Karùn-ún

Bùrọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kékeré ni. Màmá mi ò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé yìí, àmọ́ màá sọ fún wọn lọ́la. Wọ́n rò pé mi kì í ka àwọn lẹ́tà tí mo ń yà ní fọ́tò. Bùrọ̀dá, báwo ni èèyàn ṣe máa ya lẹ́tà láì kà á? Gbogbo ẹ̀ ni mo ti kà. Mo ka ti ìyá tó ń wúkọ́. Mo ka èyí tí ẹ ní ẹ máa tẹ KÒ MỌ́ fún mi. Inú mi ò bàjẹ́. Ó ti bàjẹ́ kí lẹ́tà náà tó dé, kò sí àyè mọ́.

Ọjọ́ kan wà tí Bàbá jí, tí ojú wọn mọ́ kedere. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàwé mọ́. Mo rò ó pé kí n parọ́. Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn: kámẹ́rà, ìdánwò, bí wọ́n ṣe wọlé.

Wọ́n ní, "Èmi ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Mo bá ọ sọ̀rọ̀ nínú ìdánwò?"

"Ẹ ní ibì kan wà tí mo ti ṣì í."

Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé lóòótọ́ lo ṣì í?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bùrọ̀dá, wọ́n rẹ́rìn-ín! Lẹ́yìn náà wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í jìyà ohun tí tísà ṣe, kí n lọ bá wọn mú bàtà wọn wá.

Bí àwa méjèèjì ṣe lọ sọ́dọ̀ dókítà nìyẹn. Màmá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rò pé a lọ na ẹsẹ̀ ni. Dókítà béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí. Wọ́n ní ọ̀kan, obìnrin. Ẹ má bínú. Ó ní kí wọ́n ya aago. Wọ́n ya róbótó kan, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá dá bírò padà fún dókítà, wọ́n ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣe é." Dókítà ò kọ́kọ́ kọ ọ́. Wọ́n ní, "Kọ ọ́, mo ti sọ." Nígbà tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lùwé, ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá.

A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí wọ́n fi bi mí pé ibo la ti ń bọ̀.

Mo ti fi ìwé dókítà sínú èyí tí ẹ bá wa kọ. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́. Mo sì fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Tí ẹ bá ń wò wá, ṣé ẹ máa ń rí wa?

Ọmọ yín, Kékeré.


Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi, àti ìwọ Kékeré,

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má kọ̀wé. Kékeré ní òun ti jẹ́wọ́ fún yín, pé ẹ ò bá òun sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, pé ẹ sì wá fúnra yín ní kó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹ ṣeun. Mo ti wò ó, ó dáa, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo yọ, ibi tó ti kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn Bàbá.

Mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo ní mo fẹ́ tún wo ẹnì kan tí mo ti tẹ KÒ MỌ́ fún nínú oṣù kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ìyá arúgbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí ni nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní tí kò bá sí nọ́ńbà, kò sí bí òun ṣe lè wá a. Mo bi í pé ta ló máa ń tún wo ohun tí a bá ti tẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ fi àmì sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún mi ní bisikíìtì.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tí arúgbó tàbí ọmọdé bá wà ní yàrá rẹ̀, Ó MỌ́ ni mo ń tẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò ṣe mí bíi pé mo ń ṣe nǹkan rere. Kò ṣe mí bíi nǹkan kan. Ìka mi kàn ń lọ sí òdì kejì ni. Ẹ̀rọ rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé tèmi ò bá ti àwọn yòókù mu mọ́. Wọ́n pè mí, wọn ò bínú, wọ́n ní bóyá ó ti rẹ̀ mí. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi padà lọ kó ẹrù mi, ẹlòmíì ti wà lórí àga náà.

Ilé ìkàwé kan náà ni mo ṣì wà, àmọ́ òkè ni. Ìwé ni mò ń tò báyìí. Fèrèsé wà níbẹ̀.

Kékeré, o bi mí ní ìbéèrè. Rárá. A kì í rí yín.

Èmi ni.


Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Keje

Àbúrò mi,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ò ń jẹun? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ìbínú ò lè tú u. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé títò.

Wọ́n gba ìwé náà wọlé. Wọ́n ti pa màgòmágó rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kó tún ìdánwò náà ṣe. Àmọ́ wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sí nínú ilé lọ́jọ́ náà, pàápàá jù lọ ẹni tí dókítà kọ̀wé nípa rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Kékeré ní kí n má kà á sókè, Bàbá wà nítòsí.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Mo mú Bàbá lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì dìde kí wọn, ó pa ẹ̀rọ tó ń pariwo. Ó kọ́kọ́ dára. Bàbá ń wo mọ́tò tó ń kọjá. Wọ́n wá bi mí pé kí la jókòó ṣe síbí. Mo ní à ń dúró de Kékeré, ó ń ṣèdánwò.

Wọ́n ní, "Níbo?"

"Nílé, Bàbá."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ta ló wá ń ṣọ́ ọ?"

Mo ní, "Àwọn kan ni, Bàbá. Wọ́n wà lọ́nà jíjìn."

Wọ́n dìde. Wọ́n ní a kì í fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan nínú ìdánwò, tí ara rẹ̀ bá yí padà ńkọ́, tí bírò rẹ̀ bá kú ńkọ́? Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọn ò jókòó. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti bọ́ sí ojú títì, wọ́n dojú kọ ilé, wọ́n yára ju bí mo ṣe rò lọ. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n fẹ́ já a gbà. Mi ò fi sílẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Màdáámù, ẹ fi mí sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi wà nínú ilé yẹn." Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò wá. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìwé wà nínú wọn. Ẹnì kan ní, "Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Mo di ọwọ́ náà mú ṣinṣin, mo fà wọ́n padà sórí bẹ́ǹṣì, mo sì dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀ títí Kékeré fi wá bá wa. Wọ́n ń sọ fún mi pé kí n ṣàánú ọmọ náà. Nígbà tó yá, wọ́n kàn ń wo ọ̀nà ilé.

Mi ò sunkún. Mo ti bú ọ nítorí ìyẹn, mo sì rí i pé èèyàn lè jókòó síbẹ̀ láì sunkún. Mo ń wo ọwọ́ mi lórí ọwọ́ wọn, ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíì.

Kékeré yege. Máàkì rẹ̀ ga. Nọ́ọ̀sì ra aṣọ funfun kan fún un, mo ti ń gé e.

Ọwọ́ Bàbá wú. Ojú ibi tí ìka mi wà dúdú yí ọrùn ọwọ́ wọn ká. Lówùúrọ̀, tí mo bá ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á wò ó, wọ́n á bi mí pé ta ló ṣe èyí fún àwọn.

Mo máa ń sọ pé mi ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.